Lẹ́tà Márùn-ún sí Ìyá Agbẹnusọ

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún

Ìwé yìí ni n ó máa bá sọ òótọ́. Ìwé tí mo ń kọ fún ilé-ìwé, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni mò ń kọ sínú rẹ̀.

Kíláàsì kẹrin. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Fèrèsé méjì, ọ̀kan kò ṣeé ṣí. Lábẹ́ èyí tí kò ṣeé ṣí ni àwọn mẹ́jọ kan ń jókòó, tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Ẹrù Ẹ̀yìn. Wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n lè ṣírò lórí, ṣùgbọ́n bí pẹ́ńsùlù bá ti kan ìwé, ohun gbogbo dàrú. Ọ̀kan ń kọ ábídí ní ìdàkejì, bí ẹni tó ń wò ó nínú dígí. Òmíràn ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ títí ìwé yóò fi lu.

Èyí tí ọkàn mi wà lára rẹ̀ jù ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan. Agbẹnusọ ni mo sọ ọ́, fún ìwé yìí nìkan. Bí a bá ní kó sọ ohun tó rí lójú ọ̀nà, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Bí a bá ní kó kọ ọ́, á fa ìlà mẹ́ta tó ń gbọ̀n, á fi ìgbọ̀nwọ́ bò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ rèé ní kíláàsì kẹrin. Òfin ilé-ìwé yìí sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú kíláàsì kan náà, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀. Ìdánwò di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré.

Mo ṣèlérí fún ara mi lónìí: àwọn tí kò lè kọ, èmi ni n ó jẹ́ ẹnu fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Karùn-ún

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo ti ní orúkọ fún un: Kọ-ọ́-Sílẹ̀. Ohunkóhun tí ènìyàn bá gbé wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Òrùlé ń jò — kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ dákú ní pápá — kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ orí àti iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, pé àwọn ọmọ kan wà tí ìmọ̀ kún inú wọn bí omi inú ìkòkò tí kò lẹ́nu. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ èmi fúnra mi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù kan wà ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn lè fẹnu sọ ìdáhùn rẹ̀, kí tíṣà mìíràn máa bá a kọ ọ́. Òbí ọmọ gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka níwájú ọ̀gá. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, aago mẹ́rin.

Ó tún kìlọ̀ fún mi: tíṣà kì í lọ kanlẹ̀kùn òbí. Ìwé la fi ń pe òbí níbí. Tíṣà kan lọ nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ náà, ìwé ni.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún

Fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ mi. Wákàtí mẹ́ta lórí ìlà. Akọ̀wé ibẹ̀ ní láti ọdún tí òun ti wà ńbẹ̀, ẹnì kejì tó béèrè rẹ̀ nìyí. Ẹni àkọ́kọ́ ṣìnà ni.

Mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ìyá Agbẹnusọ. Kò sí bàbá. Ìyá ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ojú ìwé méjì. Mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìlà rẹ̀ lè gún. "Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín pé ọmọ yín, tí ó ní ẹ̀bùn púpọ̀, ní ìṣòro kan tí ó kan ọ̀nà ìkọ̀wé…" Mo ṣàlàyé ìṣòro náà. Mo ṣàlàyé fọ́ọ̀mù. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Agbẹnusọ gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ẹyin. Mo ní ìyá rẹ̀ nìkan ni kó fi lé lọ́wọ́, kó sì sọ fún un pé kó wá fọwọ́ sí ìwé kan. Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà."

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Karùn-ún

Mo bi í. Ó ní ìyá òun ti gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣé ó ń bọ̀? Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ìyá òun níṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún

Iyanrìn ni mo fi ń kọ́ wọn báyìí. Mo da iyanrìn gbígbẹ sínú tíré mẹ́rin, ìka ni wọ́n fi ń kọ̀wé nínú rẹ̀. Iyanrìn kì í ya, kì í dọ̀tí, kì í gba máàkì. Bí o bá ṣì í, o gbọn tíré. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín láti abẹ́ fèrèsé yẹn rí.

Agbẹnusọ kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọn tíré òun.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Karùn-ún

Orúkọ náà ti sọnù kúrò lórí rẹ̀. Ìdajì ló rántí, ó sì ti dojú kọ ẹ̀yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà kejì. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì bá mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́. Tíṣà kíláàsì kẹta ni, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, èérún ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nínú gèlè rẹ̀. Ó yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn mi.

"Ọmọ Yunifásítì, lẹ́tà yìí mà ti gùn ju ìlà báńkì lọ."

Mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Ó bi mí pé ta ní ń kà á fún wọn nílé. Mo dáhùn pé àgbàlagbà ni ìyá ọmọ náà, kò nílò alágbàsọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sára yẹ̀rì, ó lọ.

Èmi náà mọ òwe. Ẹni tó ń fi rúlà lu ìka ọmọ tí kò lè kọ̀wé, kí ló fẹ́ kọ́ mi?

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Karùn-ún

Alábẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Kí ó tó dé, Kọ-ọ́-Sílẹ̀ ní kí Ẹrù Ẹ̀yìn lọ ṣa òkúta ní pápá. Àṣà ibí ni, wọn kò tilẹ̀ béèrè ìdí. Wọ́n dìde, wọ́n mú garawa, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Dígí, bí mo ṣe ń pe ẹni tó ń kọ ábídí ní ìdàkejì, ló ṣíwájú. Ó mọ ibi tí òkúta wà.

Alábẹ̀wò yẹ ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta wò. Ó yìn mí pé ìwé àwọn ọmọ mi mọ́. Ó bi mí bóyá mo ní ìṣòro kankan.

Kọ-ọ́-Sílẹ̀ ń wò mí. Mo dákẹ́. Èmi tí mo ní mo jẹ́ ẹnu wọn.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Karùn-ún

Lẹ́tà kẹta. Kò gùn. Ìyá náà kò wá, kò fèsì. Ó ṣe tán, ilé ìwòsàn kò jìnnà síbí. Irú ọwọ́ wo ló lè fọ ọgọ́rùn-ún aṣọ ibùsùn lójúmọ́, tí kò lè fọwọ́ sí ìwé kan nítorí ọmọ tó bí?

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kọ ìyẹn. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Karùn-ún

Agbẹnusọ ní ìyá òun kí mi. Ó ní ìyá òun ní tíṣà tó ń kọ̀wé sí òbí ṣọ̀wọ́n.

Mo ní kí ó sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ìkíni rẹ̀. Ọmọ náà fèsì pé, "Ó dáa, Tíṣà," ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Karùn-ún

Òjò. Òrùlé jò, a kó bẹ́ǹṣì sí àárín. Kò sí ohun tí a lè kọ nínú òkùnkùn yẹn, ni mo bá ní kí Agbẹnusọ dìde kó sọ ìtàn. Nǹkan bí wákàtí kan. Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta, kò sí ẹni tó mira. Bí ọwọ́ bá lè ṣe ìdajì ohun tí ẹnu yẹn ń ṣe!

Lẹ́tà kẹrin lọ lónìí. Mo fà á le. "Mo fi àsìkò yìí kìlọ̀ fún yín pé, bí ẹ kò bá yọjú ṣáájú ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, a ó yọ orúkọ ọmọ yín kúrò, ẹ̀bi rẹ̀ yóò sì wà lọ́rùn yín."

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Karùn-ún

Mo mú rẹ́jísítà wálé. Àdírẹ́sì wọn wà níbẹ̀: ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, ilé tí ó ní géètì aláwọ̀ ewé. Mo mọ àdúgbò náà. Kò jìnnà rárá.

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ìjà ni ìjà. Mo jókòó ti tábìlì, mo ń gbìyànjú lẹ́tà karùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Karùn-ún

Lẹ́tà karùn-ún. Ìlà mẹ́ta. Mo tún sọ fún Agbẹnusọ lẹ́nu: bí ìyá rẹ kò bá wá títí ọjọ́ Ẹtì, ohun gbogbo parí. Ó bi mí bóyá dandan ni kó jẹ́ níwájú ọ̀gá, bóyá a kò lè mú fọ́ọ̀mù náà lọ sílé kí ìyá òun kàn fọwọ́ sí i láìsí pé a ń kà á jáde. Mo ní rárá. Mo ní a gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí òbí létí kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ó mi orí. Ó fi lẹ́tà náà sí àárín ìwé méjì kó má baà ká.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù Karùn-ún

Mo jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá láti aago méjì. Mẹ́ta. Mẹ́ta ààbọ̀. Mẹ́rin.

Kọ-ọ́-Sílẹ̀ ti fọ́ọ̀mù náà bọ inú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Kò bú mi. Ó ní, "O ti ṣe tìrẹ. Ó wà lákọsílẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹfà

Ìdánwò. Wákàtí méjì ni Agbẹnusọ fi wo ìwé náà. Nígbà ìsinmi, ó sún mọ́ mi, ó sì fẹnu dáhùn gbogbo ìbéèrè tí mo ti kà sókè fún kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀, láti àkọ́kọ́ dé ogún, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Méjìdínlógún ló gbà. Mo dúró, mo ń gbọ́. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹfà

Máàkì mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin náà, ti orúkọ àti déètì ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹfà

Mo fi rúlà fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Wọ́n ní tíṣà kíláàsì ló ń fà á. Mo kọ káàdì èsì rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ìyá rẹ̀ ló ṣe èyí, kì í ṣe èmi. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè padà kà á nígbà tí ojú bá ń tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ ìparí.

Kí n kọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

A ti ka orúkọ tán ní pápá. Ti Agbẹnusọ kò sí níbẹ̀. Mo padà sí kíláàsì láti kó ìwé mi. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀ tí a lọ̀ títí ó fi le, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó nítorí ọṣẹ. Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó rí ààyè dá a dúró. Ó tó ẹni tó bí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Èmi ni ìyá ọmọ yín tó ń jókòó lábẹ́ fèrèsé."

Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ fún obìnrin yìí. Mo ti tò ó, mo ti há a sórí. Mo ní, "Ẹ pẹ́ jù, mà."

Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n má bínú, ó ti yẹ kí òun wá dúpẹ́ tipẹ́tipẹ́, àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun rí ààyè. Ọmọ náà pàápàá ní kí òun má wá, pé Tíṣà kì í fẹ́ kí wọ́n yọ òun lẹ́nu. Ó tú náílọ̀nù kan. Lẹ́tà mi márààrún ni. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi la ẹnu wọn, kò sí ọ̀kan tó ká létí. Ó ní bí ẹ̀yìn bá ń ro òun lálẹ́, òun a ní kí ọmọ òun tún kà wọ́n fún òun. Ọmọ náà ló ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé: ìwé iná, ìwé oògùn, ìwé onílé. Òun alára kò mọ̀wé. Nínú márààrún, kẹrin lòun fẹ́ràn jù. Èyí tí ó sọ nípa òjò.

N kò kọ ohunkóhun nípa òjò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́."

Mo ṣí i. Ìlà rẹ̀ gún régé. Mo bẹ̀rẹ̀: mo fi àsìkò yìí kìlọ̀ fún yín… Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, bí ẹni tí ọmọdé ń bá ṣeré.

"Rárá o, Tíṣà. Ẹ ti ṣí ibòmíràn. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀." Ó dijú, ó sì kà á fún mi lórí. "Ìyá mi ọ̀wọ́n. Òjò rọ̀ sí wa lórí lónìí. A gbé bẹ́ǹṣì wa sí àárín, a há mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ yín ló sì ń fi ìtàn tukọ̀ wa títí òjò fi dá. Ẹ má da ara yín láàmú láti wá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro yín. Ọmọ yín wà lọ́wọ́ mi."

Ó dára ju tèmi lọ. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni.

Ó la ojú. Ó bi mí bóyá òun ṣì í. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Agbẹnusọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ tò lójú mi. Nínú ilé yẹn, òun ni ọ̀mọ̀wé. Fọ́ọ̀mù tí mo fi wákàtí mẹ́ta tò láti gbà, tí mo ní dandan ni kí a kà jáde, òun ni ìwé tí yóò gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Èmi ni mo sì tún fi lé e lọ́wọ́ pé kó lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

"Ẹ kò ṣì í, mà," mo ní. "Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ bá káàdì èsì lórí tábìlì. Ó béèrè bóyá ti ọmọ òun nìyẹn. Ó mú un kí n tó lanu, ó nà án sí ẹ̀yìn láìwo ibẹ̀, bí ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ó yá, ojú mi. Kà á fún ìyá rẹ."

Ó yẹ kí n gba káàdì náà. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Agbẹnusọ gbà á. Kò wo káàdì. Èmi ló ń wò. Mo ro pé yóò sọ òjò mìíràn. Mo gbàdúrà pé kó sọ ọ́.

"Wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n kọ, mà. Mi ò dẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ní kí n má padà wá mọ́."

Kò ṣi ohun kankan níbẹ̀.

Ìyá náà kó àwọn lẹ́tà padà sínú náílọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so ó, ó gbé e sórí tábìlì mi. "Ìwé yín nìyẹn, Tíṣà." Ó na ọwọ́ bíbó kan sí ọmọ rẹ̀. Wọ́n lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹfà

Mo lọ lónìí. Òfin kankan kò wá sí mi lọ́kàn. Mo wo aago láti géètì ilé-ìwé: mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, mo gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, mo dé géètì aláwọ̀ ewé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Agbẹnusọ ló ṣílẹ̀kùn. Kò kúnlẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi.

"Ẹ tún mú lẹ́tà wá ni?"

Mo ní rárá, ẹsẹ̀ ni mo fi wá. Mo ní mo fẹ́ rí ìyá rẹ̀. Láti inú yàrá, ohùn ìyá náà béèrè pé ta ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò yára, bí ó ti máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Kò séèyàn, mà," ó ní.